Yíyege Yàtọ̀ sí Wíwọlé: Ìtàn Máàkì àti Àyè ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Kútọnu

Lọ́dọọdún, tí èsì BAC, ìyẹn ìdánwò ìparí ilé-ẹ̀kọ́ girama, bá jáde ní Kútọnu, ìdùnnú ló máa ń ṣáájú. Ẹni tó bá ti ní 10 nínú 20 ti gba BAC nìyẹn. Ìyá a jó, bàbá a pe ẹbí jọ. Lẹ́yìn náà ni ìwé kejì á jáde, ìyẹn orúkọ àwọn tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó ṣòroó wọ̀ gbà, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní classement. Orúkọ inú ìwé àkọ́kọ́ pọ̀ ju ti èkejì lọ fíìfíì. Ẹ̀ka ìmọ̀ ìlera tó wà ní Champ de Foire, ENEAM, ilé-ẹ̀kọ́ ètò ọrọ̀ ajé àti ìṣàkóso tó wà ní Gbégamey, EPAC, ilé-ẹ̀kọ́ politẹ́kíníìkì tó wà lọ́gbà Abomey-Calavi, kálukú wọn ló ní iye ọmọ tó lè gbà. Ìwé-ẹ̀rí kan náà ni ẹni tó ní 10 àti ẹni tó ní 16 gbà, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni ìgbà tí wọ́n á pàdé lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Níbẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní wọ́n ti sọ máàkì di òrìṣà. Àwọn mìíràn ní òun nìkan ni adájọ́ tí kì í gba rìbá. Bí a bá tọpa ìtàn ọ̀rọ̀ náà láti ayé Faransé títí di ayé íntánẹ́ẹ̀tì, a ó rí i pé ohun kan wà tí tọ̀tún-tòsì gbójú fò. Iye àyè tó wà nílẹ̀ ló ń sọ bí máàkì ṣe máa lágbára tó. Nígbà tí àyè pọ̀ ju ọmọ lọ, 10 tó; nígbà tí ọmọ pọ̀ ju àyè lọ, 14 lè má tó. Ìtàn àyè yìí ni mo fẹ́ sọ, nítorí òun ló tan ìmọ́lẹ̀ sí ìtàn máàkì.

Kí ìdánwò tó dé, ìdílé ni ìwé-ẹ̀rí. Nígbà tí Faidherbe, gómìnà Faransé ní Sẹ̀nẹ̀gà, dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Saint-Louis ní ọdún 1855, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ìdógò ni wọ́n ń pè é, torí pé ọmọ àwọn ọba àti ìjòyè ni wọ́n kó síbẹ̀ kí baba wọn má baà gbé ogun dìde. Kò sẹ́ni tó wọn ọpọlọ àwọn ọmọ náà wò kí wọ́n tó mú wọn. Ta ni baba rẹ ni ìbéèrè kan ṣoṣo tó wà. Ní etíkun Dàhòmì, ìyẹn Bẹ̀nẹ̀ òde òní, àwọn àlùfáà Kátólíìkì ẹgbẹ́ SMA, tí Francesco Borghero ṣáájú wọn, dé Ouidah ní ọdún 1861, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ Àgùdà, tí àwọn òbí wọn ti Brazil dé, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jókòó níbẹ̀, nítorí wọ́n wà nítòsí, ẹ̀sìn náà kò sì ṣàjèjì sí wọn. Ìgbà tí Béhanzin, ọba Dàhòmì, bọ́ sọ́wọ́ Faransé ní 1894, tí ìjọba amúnisìn wá rinlẹ̀, ni wọ́n rí i pé àwọn nílò akọ̀wé, olùkọ́, ògbufọ̀ àti dókítà, àti pé ọmọ ọba nìkan kò lè kún iṣẹ́ náà. Òfin ọdún 1903 fún gbogbo ilẹ̀ Faransé ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló wá to ilé-ẹ̀kọ́ bí àtẹ̀gùn: ti abúlé nísàlẹ̀, ti agbègbè láàárín, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gíga kan lókè ní ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ti Dàhòmì wà ní Àjàṣẹ́, wọ́n sì fi orúkọ Victor Ballot, gómìnà àkọ́kọ́, sọ ọ́. Bí àtẹ̀gùn náà ṣe ń ga sí i ni ó ń tín-ín-rín sí i, ìdánwò sì ni wọ́n fi ń dín èrò kù.

Òkè àtẹ̀gùn náà kò sí ní Dàhòmì rárá. Sẹ̀nẹ̀gà ló wà. Ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Saint-Louis ní 1903 kó lọ sí erékùṣù Gorée ní 1913, wọ́n sọ ọ́ ní William Ponty lẹ́yìn ikú gómìnà-àgbà tó ń jẹ́ orúkọ náà, nígbà tó yá wọ́n tún kó o lọ sí Sébikotane. Concours, ìyẹn ìdánwò ìdíje, ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́. Ó sì yẹ ká fi ìyàtọ̀ sáàárín concours àti ìdánwò lásán, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Nínú ìdánwò lásán, gbogbo ẹni tó bá dé ojú ìlà ti yege, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ̀rún èèyàn. Nínú concours, wọ́n ti mọ iye tí wọ́n máa mú kí ẹnikẹ́ni tó mú gègé. Bí ogún bá ni àyè, ẹni kọkànlélógún kò wọlé, bó ti wù kí ìwé rẹ̀ dára tó. Ìwọ̀n iṣẹ́ tí ìjọba Faransé fẹ́ fi lé ọmọ Áfíríkà lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń díwọ̀n àyè Ponty. Ẹnu ọ̀nà tóóró yìí ni Hubert Maga, Justin Ahomadégbé àti Émile Derlin Zinsou gbà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ló wá ṣe olórí Dàhòmì nígbà tó yá. Félix Houphouët-Boigny ti Côte d'Ivoire, Modibo Keïta ti Mali àti Hamani Diori ti Niger gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá bí olórí orílẹ̀-èdè tó tó báyìí, a lè sọ pé ọpọlọ wọn ló gbé wọn débẹ̀, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká rántí pé kò sí ilẹ̀kùn mìíràn tí ọlọ́pọlọ ìbá gbà.

Ẹ̀rí tó le jù lọ nípa agbára àyè ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin. Ọkùnrin nìkan ni Ponty ń gbà. Títí di ọdún 1938, nígbà tí wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ àwọn obìnrin sí Rufisque lábẹ́ Germaine Le Goff, kò sí máàkì tí ọmọbìnrin Àjàṣẹ́ tàbí ti Kútọnu lè ní tí yóò gbé e dé irú ipò bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ àwọn ọmọbìnrin kò yí padà láàárín 1937 sí 1938. Àyè ló yí padà. Bákan náà, àwọn tó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Dakar, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1918, kò ní ẹ̀tọ́ láti ṣe iṣẹ́ dókítà ní Faransé, nítorí ìwé-ẹ̀rí wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ti ibẹ̀. Ẹni tó gba ipò kìíní nínú concours, tó gba ipò kìíní nínú kíláàsì, igbákejì ló ṣì jẹ́ fún dókítà Faransé tí máàkì rẹ̀ lè má tó tirẹ̀. Àwọn amúnisìn fi ìdánwò ṣa èèyàn, wọ́n sì fi òfin sọ ibi tí ẹni tí wọ́n ṣà lè dé. Ẹni tó bá ń bínú sí ìdánwò nítorí ìwà amúnisìn yẹ kó ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Síbẹ̀, Dàhòmì fi ìdánwò gba orúkọ. Ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀ ní etíkun rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì pọ̀ nínú àwọn tó ń yege, débi pé Emmanuel Mounier, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ará Faransé tó rìnrìn àjò wá lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, fi ilẹ̀ náà wé Quartier Latin, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Paris. Wọ́n ṣì ń fi oríkì yìí yangàn ní Kútọnu títí dòní. Ohun tí wọn kì í sábà rántí ni pé ìmọ̀ pọ̀ ju iṣẹ́ lọ nílé, ìyẹn ni àwọn akọ̀wé àti olùkọ́ Dàhòmì ṣe fọ́n ká sí Abidjan, Niamey àti Dakar. Ní 1958, àwọn ará Abidjan dìde sí wọn, wọ́n lé wọn. Ní 1963, Niger náà lé wọn. Ọ̀pọ̀ ìdílé tó ti fi BAC tàbí ìwé-ẹ̀rí Ponty jẹun nílẹ̀ òkèèrè padà sí Kútọnu pẹ̀lú àpótí wọn, wọn kò sì rí iṣẹ́ tó tó ohun tí wọ́n mọ̀. Máàkì wọn kò dín kù nígbà tí wọ́n kọjá ẹnubodè. Àyè tó ń fún máàkì náà níyì ni kò sí mọ́.

Lẹ́yìn òmìnira ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 1960, ipò nǹkan yí padà fún ìgbà díẹ̀. Àwọn tó ń gba BAC kò pọ̀, ìjọba tuntun sì nílò èèyàn nílé iṣẹ́ gbogbo. Dakar, tó ti ní yunifásítì láti 1957, àti àwọn ìlú Faransé ni wọ́n ń lọ. Ní 1965, Dàhòmì àti Tógò pawọ́ pọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan sílẹ̀: ẹ̀ka lítíréṣọ̀ wà ní Lomé, ti sáyẹ́ǹsì wà ní Àjàṣẹ́. Ọdún 1970 ni àwọn méjèèjì pínyà, tí kálukú dá yunifásítì tirẹ̀ sílẹ̀. Ti Dàhòmì fìdí kalẹ̀ sí Abomey-Calavi, lẹ́bàá Kútọnu, onímọ̀ ewéko Édouard Adjanohoun sì ni ọ̀gá àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́. Iye akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà kò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ. Ẹni tó bá ti gba BAC ti wọlé, owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń pè ní bourse kò sì jìnnà sí i. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 11 àti 14 kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan. Àpọ́nlé ni 14, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́. Àwọn àgbàlagbà tó ń sọ lónìí pé láyé àwọn, BAC ni BAC, òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ohun tó kù kí wọ́n fi kún un ni pé ayé náà kò le nítorí pé àwọn tó wà níbẹ̀ kò pọ̀, àti pé ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wọn kò rí ilé-ẹ̀kọ́ girama rárá.

Ìjọba ológun Kérékou, tó gorí àlééfà ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 1972, fẹ́ fọ́ ilé-ẹ̀kọ́ amúnisìn túútúú. Ní 1975 wọ́n gbé ètò Ilé-Ẹ̀kọ́ Tuntun kalẹ̀: kí ilé-ẹ̀kọ́ wà fún gbogbo ọmọ tálákà, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣe oko, kí ẹ̀kọ́ bá iṣẹ́ lọ. Ìdí ètò náà kò burú. Ọmọ tó ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀ sí i, ìjọba sì ń gba ẹni tó bá jáde ní yunifásítì síṣẹ́. Ní 1977 wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ politẹ́kíníìkì ti yunifásítì, CPU, tí Kánádà ràn lọ́wọ́, èyí tó di EPAC lónìí. Àmọ́ àpò ìjọba kò gùn tó ìlérí rẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1980 ni wọ́n dáwọ́ gbígba òṣìṣẹ́ dúró, tí ìwé-ẹ̀rí yunifásítì kò wá túmọ̀ sí iṣẹ́ mọ́. Àwọn báńkì ìjọba wó. Ní oṣù Kìíní ọdún 1989, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Abomey-Calavi kọ̀ láti wọ kíláàsì nítorí bourse tí wọn kò rí gbà; àwọn olùkọ́ tí wọn kò rí owó oṣù dara pọ̀ mọ́ wọn; ọdún ẹ̀kọ́ náà sì ṣòfò pátá. Rògbòdìyàn yìí wà lára ohun tó fa Àpérò Orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe ní Kútọnu ní oṣù Kejì ọdún 1990, tí Àlùfáà Àgbà Isidore de Souza darí. Ìwé ìtàn sábà máa ń sọ̀rọ̀ nípa ìṣèlú àpérò náà. Nínú ìtàn ẹ̀kọ́, ohun tó jẹ́ ni pé àdéhùn àtijọ́, pé BAC ni yunifásítì, yunifásítì ni bourse, bourse ni iṣẹ́, ti já.

Láti ìgbà náà ni yunifásítì ti di ilé méjì lábẹ́ òrùlé kan. Apá kan jẹ́ àwọn ẹ̀ka tí ilẹ̀kùn wọn ṣí: lítíréṣọ̀, òfin, ìmọ̀ ẹ̀dá àwùjọ. Ẹni tó bá ní BAC lè forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, èrò sì pọ̀ nínú gbọ̀ngàn débi pé ẹni tó bá pẹ́ dé á dúró lójú fèrèsé gbọ́ ẹ̀kọ́. Apá kejì ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ ọpọlọ: ìṣègùn, ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìṣàkóso, iṣẹ́ àgbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò lè gba ju iye àga, iye yàrá àyẹ̀wò àti iye ibùsùn ilé ìwòsàn tí wọ́n ní lọ. Ní 2001 wọ́n sọ yunifásítì náà di ti Abomey-Calavi, wọ́n sì ṣí èkejì sí Parakou. Lẹ́yìn àtúntò ọdún 2016, mẹ́rin ni ti ìjọba, ti iṣẹ́ àgbẹ̀ sì wà ní Kétu, ní ilẹ̀ Yorùbá gan-an. Ní 2006 ni wọ́n mú owó ilé-ìwé kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó wọ ìwé kìíní lọ́dún náà, tí kò tún kíláàsì kankan ṣe, ti jókòó ṣe BAC ní 2019. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé èrò ti pọ̀ sí i lẹ́nu ọ̀nà. Orílẹ̀-èdè kan kò lè la ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn sílẹ̀ gbayawu, kó fi òkè rẹ̀ sílẹ̀ bó ti wà, kó wá máa ya á lẹ́nu pé máàkì tí wọ́n ń béèrè lókè ń le sí i.

Bí wọ́n ṣe ń fi máàkì ṣa ọmọ tún máa ń rú àwọn òbí lójú, nítorí ọ̀pọ̀ wọn rò pé àròpọ̀ BAC ni wọ́n ń wò. Àwọn ẹ̀kọ́ tó bá iṣẹ́ náà mu ni wọ́n ń fi ṣe ìṣirò. Ẹ jẹ́ ká mú akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní séríì D, ìyẹn ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì nínú BAC. Ti àkọ́kọ́, 13 ni àròpọ̀ rẹ̀; ó ṣe dáadáa nínú èdè Faransé, fílọ́sọ́fì, ìtàn àti eré ìdárayá, ṣùgbọ́n 9 ló ní nínú ìṣirò, 10 nínú físíìsì àti kẹ́místrì, 11 nínú ẹ̀kọ́ ohun alààyè. Ti èkejì, 12 péré ni àròpọ̀ rẹ̀, àmọ́ ó ní 14 nínú ìṣirò, 13 nínú físíìsì àti kẹ́místrì, 15 nínú ẹ̀kọ́ ohun alààyè. Bí a bá fi ẹ̀kọ́ mẹ́ta yìí nìkan wọn wọ́n fún ìṣègùn, 10 ni àkọ́kọ́ mú, 14 ni èkejì mú. Ẹni tí ìdílé rẹ̀ ti pa ewúrẹ́ fún 13 á rí orúkọ ọmọ aládùúgbò tó ní 12 lókè tirẹ̀, á sì pariwo ojúsàájú. Láyé òde òní, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń yan ẹ̀kọ́, lójú òpó tí wọ́n ń pè ní apresmonbac. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń pín wọn sí ẹni tó gba bourse, ẹni tó gba ààbọ̀, àti ẹni tó máa san owó. Ẹni tó fi ìṣègùn sípò kìíní láìmọ ibi tí máàkì rẹ̀ wà láàárín ẹgbẹ́ lè pàdánù ipò tí ì bá rí gbà ní EPAC. Ọ̀nà kan ò wọjà, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ iye èrò tó wà lójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan kò lè mọ èyí tó yẹ kó gbà.

Àwọn kan á ní kí a pa ìṣirò yìí tì. Wọ́n á ní ìdánwò ọjọ́ mélòó kan kò lè sọ ẹni tí ọmọ jẹ́. Kí a béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀, kí a pè é ká bá a sọ̀rọ̀, kí a wo ìwà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ìtàn ti gbé e wò. Ayé tí wọ́n ń béèrè ìwà àti ìdílé ni ayé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ìdógò. Nínú ìdánwò BAC, wọ́n ń fi nọ́ńbà àṣírí rọ́pò orúkọ lórí ìwé ìdáhùn kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni náà kò mọ̀ bóyá ọmọ mínísítà ló wà níwájú òun tàbí ọmọ ìyá tó ń ta gààrí ní ọjà Dantokpa. Ta ló lè ṣe irú ìbòjú bẹ́ẹ̀ fún lẹ́tà ọ̀gá ilé-ìwé? Àwọn Amẹ́ríkà gbé e wò lójú wa. Ìwádìí tí onímọ̀ ọrọ̀ ajé Raj Chetty àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2023 fi hàn pé ọmọ àwọn olówó tó wà lókè téńté ní àǹfààní tó ju ìlọ́po méjì lọ láti wọ àwọn yunifásítì tó lókìkí jù lọ, bí a bá fi wọ́n wé ọmọ ìdílé àárín tí máàkì wọn dọ́gba nínú SAT, ìdánwò ìwọlé yunifásítì Amẹ́ríkà. Ohun tó gbé wọn ga ni àwọn nǹkan mìíràn bí lẹ́tà, eré ìdárayá, àti pé òbí wọn ti lọ síbẹ̀ rí. Nígbà tí ọ̀pọ̀ yunifásítì sọ SAT di àṣàyàn nígbà àrùn Kòrónà, yunifásítì Dartmouth wá rí i pé àwọn ọmọ tálákà kan ń fi máàkì tí ì bá ràn wọ́n lọ́wọ́ pamọ́, torí wọ́n rò pé ó kéré. MIT dá SAT padà ní 2022, Dartmouth náà kéde tirẹ̀ ní 2024. Ojú ìdánwò le, ṣùgbọ́n ó mọ tálákà ju lẹ́tà lọ.

Àtakò kejì lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ, n kò sì ní fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Wọ́n ní máàkì kì í wọn ọpọlọ nìkan; ó ń wọn olùkọ́, iná mọ̀nàmọ́ná, àti iye owó tí òbí ní láti fi gba olùkọ́ àdáni. Òótọ́ ni. Láti ọjọ́ Borghero ni ilé-ẹ̀kọ́ ti kúndùn etíkun. Àríwá gba ilé-ẹ̀kọ́ pẹ́, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama abúlé sì wà títí dòní tí kò ní olùkọ́ ìṣirò tó dúró. Ṣùgbọ́n kóńgò tó wọn gààrí kọ́ ló jẹ gààrí. Bí a bá fọ́ kóńgò náà, gààrí kò ní pọ̀ sí i. A kàn kò ní mọ iye tó kù mọ́ ni. Ẹ wo Bembèrèkè, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ológun wà, àti Natitingou, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ ológun àwọn ọmọbìnrin wà. Àríwá ni méjèèjì, ó jìnnà sí Kútọnu, síbẹ̀ wọ́n wà lára àwọn tó ń ṣe dáadáa jù nínú BAC. Ẹnìkan lè ní concours ni wọ́n fi ṣa àwọn ọmọ náà, pé ọlọ́pọlọ ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí ọlọ́pọlọ bá wà láti ṣà, tí wọ́n sì tayọ nígbà tí wọ́n rí olùkọ́, oúnjẹ àti ibùsùn, a jẹ́ pé ilẹ̀ àríwá kọ́ ló ń fa máàkì kékeré. Ohun tí wọn kò pín débẹ̀ ló fà á. Iṣẹ́ ìdọ́gba, kíláàsì kẹfà ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ classement ti pẹ́.

Àwọn ará Nàìjíríà tó ń ka ìwé yìí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò yọ àwọn sílẹ̀. JAMB, àjọ ìdánwò ìwọlé yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1978, ń ṣírò máàkì lórí 400. Ní 2023, 140 ni wọ́n kéde fún yunifásítì gẹ́gẹ́ bí èyí tó kéré jù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé 140 lọ sí ẹ̀ka ìṣègùn ní Ìbàdàn mọ̀ pé ojú ọ̀nà lòun dúró sí. Nàìjíríà fi ẹ̀tọ́ àwọn ìpínlẹ̀ tó yí yunifásítì ká, àti ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀, kún máàkì kí ọmọ wọn lè rí àyè. Ẹni tí máàkì rẹ̀ ga jù tí kò wọlé ń bínú, ẹni tó wọlé ń dúpẹ́, àyè náà kò sì pọ̀ sí i. Àwọn tí JAMB sọ nù ló ń gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá wá sí àwọn yunifásítì aládàáni Kútọnu, níbi tí owó ti ń ṣe iṣẹ́ tí máàkì ń ṣe níbòmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yìí ń ṣiṣẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí oníròyìn kan fi hàn ní ìparí 2023 pé òun gba ìwé-ẹ̀rí ìjáde yunifásítì ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìjọba Nàìjíríà dá ìgbéléwọ̀n ìwé-ẹ̀rí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Ẹni tó fi ọdún mẹ́ta kàwé tọkàntọkàn jẹ nínú ìyà náà. Kò sí ẹ̀rí tó ju èyí lọ pé bí a bá yọ òṣùwọ̀n kúrò lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tó wà nínú ilé ni iyì wọn ń dín kù.

Ìdájọ́ mi rèé. Láti Ponty títí di apresmonbac, máàkì ti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an: ó to àwọn ọmọ ní ẹsẹẹsẹ láìwo ojú baba wọn. Ẹni tó rán an níṣẹ́ ló yẹ kó dáhùn, ìyẹn ìjọba tó ń sọ iye àyè. Nítorí náà, kí iye àyè tó wà ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, àti máàkì ẹni tó wọlé kẹ́yìn lọ́dún tó kọjá, máa wà ní gbangba kí ọmọ tó yan ẹ̀kọ́. Kí ilé-ẹ̀kọ́ tó lérò jù rí yàrá àyẹ̀wò sí i, kí olùkọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì dé Kétu, Pobè àti Kandi, kí wọ́n sì dúró níbẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má dúró di oṣù BAC kẹ́ ẹ tó gbé ìwé máàkì ọmọ yín wò. Láti ìgbà tó bá ti yan séríì, ẹ mọ ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe ń béèrè, ẹ sì mọ iye àga tó wà níbẹ̀.